Ínfátà 5kVA àti bátìrì lithium tí wọ́n ń tà l'Óṣogbo: ṣé ó lè dúró lọ́jọ́ tí gíríìdì bá dẹnu kọlẹ̀?

Ẹ̀rọ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò yìí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo. Àwọn tó ń ṣe é pọ̀ ní Ṣáínà, orúkọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára ló yàtọ̀, inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà: ínfátà háíbíríìdì (tó ń lo oòrùn, bátìrì àti iná ọba) 5kVA oní 48V, bátìrì lithium kan tó jẹ́ 51.2V 100Ah, pẹ̀lú pánẹ́ẹ̀lì sólà mẹ́fà oní 550W. Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù sólà l'Óṣogbo, tí ẹ ní ẹ fẹ́ ohun tí yóò gbé fíríìjì, tẹlifíṣọ̀n, fáànù àti súmò tó ń fa omi, irú rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí.

Ìdájọ́ wa nìyí: ó tó rà, ó sì lè pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe kó o jáde láti inú páálí, tí àwọn oníṣẹ́ iná sì máa ń gbé e kọ́ ògiri kíákíá, kò bá iná ọba tiwa mu. Ètò inú rẹ̀ wà tí ẹ gbọ́dọ̀ yí padà, ohun èlò mẹ́ta sì wà tí kò sí nínú páálí tí ẹ gbọ́dọ̀ rà mọ́ ọn. Lọ́jọ́ tí iná lọ, kì í sábà ṣe ẹ̀rọ yìí ní nǹkan. Ọjọ́ tí iná bá padà dé ló ń jó o.

Ohun tó ń ṣe iná ọba gan-an

Òṣogbo ni yàrá tí wọ́n ti ń darí gíríìdì, ìyẹn àsopọ̀ wáyà tó gbé iná kárí gbogbo Nàìjíríà, wà, National Control Centre. TCN, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń gbé iná lórí wáyà ńlá, ló ni iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀, kó tó bọ́ sọ́wọ́ NISO, àjọ tuntun tí wọ́n yọ jáde lára rẹ̀. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ ará ìlú máa ń bi ara wọn pé kí ló dé tí òkùnkùn fi ń kun ìlú tó ni yàrá ìdarí. Àwọn tó wà níbẹ̀ kì í pín iná fún àdúgbò. Wáyà 330kV àti 132kV ni wọ́n ń ṣọ́, wọ́n sì ń pe ibùdó amúnáwá pé kó fi kún un tàbí kó dín in kù. Láti ibẹ̀, IBEDC, ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná fún ilé wa, ló ń gbà á sórí wáyà 33kV àti 11kV, kó tó bọ́ sínú tránsífọ́mà àdúgbò tó sọ ọ́ di 415V fún fésì mẹ́ta, ìyẹn nǹkan bíi 240V fún ilé tó ń lo fésì kan. Ọ̀nà jíjìn ni, kò sì síbi tí kò ti lè já.

Ohun tí yàrá náà ń ṣọ́ jù lọ ni 50Hz, ìyẹn iye ìgbà tí iná ń yí ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Iná tí wọ́n ń mú jáde àti èyí tí à ń lò gbọ́dọ̀ dọ́gba ní gbogbo ìṣẹ́jú-àáyá. Bí ibùdó ńlá kan bá já lójijì, ẹrù rẹ̀ bọ́ sórí àwọn tó kù, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀ bí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gun òkè: 50 á di 49.5, á di 49. Òfin gíríìdì fẹ́ kó wà láàárín 49.75Hz sí 50.25Hz, nígbà ìnira, ó gbà á láàyè láti dé 48.75Hz nísàlẹ̀ tàbí 51.25Hz lókè. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ amúnáwá á bẹ̀rẹ̀ sí í pa ara wọn kí wọ́n má bàa bàjẹ́. Bí ọ̀kan ti ń kú, ẹrù àwọn tó kù ń wúwo sí i, àwọn náà á sì kú. Ohun tó yẹ kó dá èyí dúró ni agbára àfipamọ́, ìyẹn kí ibùdó kan máa yí láìtíì lo gbogbo agbára rẹ̀, kó lè gba ẹrù náà lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í sí irú rẹ̀ lórí gíríìdì wa, torí gbogbo iná tí wọ́n rí mú jáde ni wọ́n ti tà. Àwọn ibùdó tó wà nílẹ̀ lè mú bíi 13,000MW jáde lórí ìwé. Èyí tí wọ́n kéde ní oṣù Kẹta ọdún 2025 pé ó ga jù lọ kò ju 5,801.84MW lọ.

Ohun tó ń fà á kì í ṣe ẹyọ kan. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, wáyà 330kV tó wà láàárín Kainji àti Jebba ló gbiná. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2024, ìyanṣẹ́lódì àwọn òṣìṣẹ́ ló pa á. Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà, ó ṣubú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, lẹ́yìn náà ni wáyà 330kV tó lọ láti Shiroro sí Kaduna bàjẹ́, tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Àríwá sì wà nínú òkùnkùn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Jíjí i padà ló ń pẹ́. Ibùdó omi bíi Jebba àti Shiroro rọrùn láti tan láìgba iná láti ìta. Ọ̀pọ̀ tàwọn oní-gáàsì nílò iná kí àwọn fúnra wọn tó lè tan. Wọn yóò gbé iná sórí wáyà kan, wọn yóò dúró kó fìdí múlẹ̀, wọn yóò gbé ẹrù díẹ̀ lé e, kí wọ́n tó kan òmíràn. Nígbà mìíràn, bí wọ́n ti ń jí i lọ́wọ́ ló tún ń ṣubú. Àkókò yìí gan-an ló yẹ kí ẹ fi dán ínfátà yín wò, torí pé fólẹ́ẹ̀jì máa ń ga ju bó ṣe yẹ lọ nígbà tí wáyà gígùn bá ní iná lórí ṣùgbọ́n tí ẹrù rẹ̀ kò pọ̀. Láìpẹ́, tí gbogbo fíríìjì, súmò àti áyọ́ọ̀nù tí wọ́n gbàgbé sẹ́nu iná bá gbà á lẹ́ẹ̀kan náà, ó já wálẹ̀.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣe nígbà tí iná bá lọ

Níbí, a yìn ín. Bí ètò 03, èyí tó ń sọ bí ẹ̀rọ ṣe ń gba iná ọba, bá wà lórí UPS, láàárín nǹkan bí ìdá kan nínú 100 ìṣẹ́jú-àáyá ló ń bọ́ sórí bátìrì; bó bá wà lórí APL, ìlọ́po méjì ìyẹn ni. Kọ̀ǹpútà kì í kú lórí UPS, tẹlifíṣọ̀n kì í ṣẹ́jú. Iná tó ń mú jáde mọ́, fáànù kì í kùn lórí rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀rọ kan tó fara jọ ọ́ nínú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, èyí tí wọ́n ń pè ní on-grid. Owó rẹ̀ kéré torí kò nílò bátìrì. Ṣùgbọ́n iná ọba ló ń tẹ̀ lé. Tí iná ọba bá lọ, òfin tí wọ́n fi ṣe é ni pé kó pa ara rẹ̀, kó má bàa rán iná sórí wáyà tí òṣìṣẹ́ wà lórí rẹ̀. Oòrùn lè máa ràn yòò lórí òrùlé, ilé yín yóò ṣókùnkùn. Níbi tí gíríìdì kì í ti lọ, ó ní ìwúlò tirẹ̀. Ẹ má rà á sí Òṣogbo.

Ètò inú ẹ̀rọ: ibi tí iṣẹ́ wà

Nọ́ńbà tí a fẹ́ dárúkọ yìí ni ti irú ẹ̀rọ tó pọ̀ jù lọ́jà. Bí tiyín bá ní nọ́ńbà mìíràn, ìwé tó bá a wá yóò fi ibi tó wà hàn yín. Ẹ tẹ ENTER mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta láti wọlé síbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo 03. APL máa ń gba iná ọba láti 90V dé 280V. UPS ń gbà á láti 170V dé 280V. Àwọn oníṣẹ́ iná fẹ́ràn APL torí oníbàárà kì í pè wọ́n padà pé ínfátà òun ò gba iná. Ewu tó wà níbẹ̀ kì í hàn sójú: nígbà tí ẹ̀rọ yìí bá ń fi iná ọba kún bátìrì, iná ọba yẹn kan náà ló ń lọ tààrà sínú ilé. Kò tún un ṣe, kò gbé e sókè. Bí àdúgbò yín bá ń gba 135V nírọ̀lẹ́, 135V ni fíríìjì yín ń gbà, kọ̀ǹpẹ́rẹ́sọ̀ rẹ̀ yóò sì máa kùn láìyí títí yóò fi jó. Ẹ fi sí UPS. Ibi tí iná bá ti ń wà lábẹ́ 170V lálaalẹ́, kí ẹ gbé sítábíláísà 5kVA sáàárín mítà àti ínfátà. APL kọ́ ni ojútùú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, 11, ìyẹn iye áńpíà tí bátìrì lè gbà láti ọ̀dọ̀ iná ọba. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ máa ń wá lórí 30A láti ilé-iṣẹ́, àwọn tó ń gbé e kọ́ sì máa ń yí i sí 60A kí bátìrì lè tètè kún. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. 60A lọ́nà 54V jẹ́ 3,240W. Tránsífọ́mà 500kVA tó ń fún àdúgbò níná lè gbé bíi 695A lórí fésì kọ̀ọ̀kan. Bí ilé 60 lórí tránsífọ́mà náà bá ní ínfátà, tí gíríìdì ti dẹnu kọlẹ̀ láti àná, gbogbo bátìrì á ti gbẹ. Ìṣẹ́jú tí iná bá dé, ilé 60 yẹn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fa nǹkan bíi 194kW, kó tó di pé fíríìjì ẹnikẹ́ni gbéra. Ìyẹn ju ìdá kan nínú mẹ́ta agbára tránsífọ́mà lọ. J&P, ìyẹn fíúùsì tránsífọ́mà, á jó lórí fésì tó bá wúwo jù, àdúgbò á tún padà sókùnkùn, wọn á sì ní àwọn NEPA ló mú iná lọ. Bí ilé kọ̀ọ̀kan bá fi sí 20A, 65kW ni gbogbo wọn yóò fà, bátìrì 100Ah yóò sì kún ní wákàtí márùn-ún. Èrò wa ni pé 20A tó fún ilé tó bá ní pánẹ́ẹ̀lì, 30A sì ni òpin fún ilé tí kò ní. Gíríìdì tó ń tiro yìí, ọwọ́ àwa tí à ń lò ó náà wà nínú rẹ̀, ibi kan tí a sì ti lè dín ẹrù rẹ̀ kù láìná kọ́bọ̀ nìyí.

05 ni irú bátìrì. Bí ínfátà àti bátìrì bá gbọ́ ara wọn lórí wáyà RS485 tàbí CAN, kí ẹ lo ètò lithium tí wọ́n kọ sínú ìwé. Ohun tó sábà ń bàjẹ́ níbí ni pé wọ́n á fi wáyà íntánẹ́ẹ̀tì lásán so méjèèjì, ẹsẹ̀ wáyà tó sì yẹ kó wà ní ipò kan á wà ní ipò mìíràn. Tí wọn ò bá gbọ́ ara wọn, ẹ yan USE (ètò tí ẹ ó fọwọ́ ara yín tò), kí ẹ fi 26 (fólẹ́ẹ̀jì tí bátìrì fi ń kún) sí 56.0V, 27 (èyí tó fi ń dúró lẹ́yìn tó kún) sí 54.0V, 29 (ibi tí ínfátà yóò ti pa ara rẹ̀) sí 48.0V, 12 (ibi tí yóò ti padà sórí iná ọba) sí 50V, 13 (ibi tí yóò ti padà sórí bátìrì) sí 54V, àfi bí ìwé bátìrì yín bá sọ nǹkan mìíràn. Kí ẹ rí i dájú pé 30 wà ní pípa. Bátìrì olómi ni wọ́n ṣe ètò yẹn fún, láti fi hó omi inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, 58.4V tó ń gbé wá yóò mú kí bátìrì lithium máa já ara rẹ̀ kúrò lójijì, bó bá sì pẹ́, á ba á jẹ́.

Fún 01, ìyẹn iná tí ilé yóò kọ́kọ́ lò, ilé tó ní pánẹ́ẹ̀lì mẹ́fà lè lo SBU: oòrùn ṣáájú, bátìrì tẹ̀ lé e, iná ọba kẹ́yìn. Lábẹ́ ètò yìí, fíríìjì yín kò ní fojú kan iná ọba àfi bí bátìrì bá lọ sílẹ̀ dé iye tí ẹ fi sí 12.

Ohun mẹ́ta tí kò sí nínú páálí

Àkọ́kọ́ ni ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní voltage protector, oní 63A, tó ń jókòó sínú àpótí bíréékà. Ẹ fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ sí 170V, òkè rẹ̀ sí 250V, kí ẹ sì fi àkókò ìdúró rẹ̀ sí 300, ìyẹn ìṣẹ́jú márùn-ún. Nígbà tí iná bá dé lẹ́yìn tí gíríìdì ṣubú, yóò kà á tán kó tó jẹ́ kí iná wọlé; bí iná bá tún lọ ní ìṣẹ́jú kẹta, ilé yín kò ní mọ̀ rárá. Òun náà ló ń gbà yín lọ́jọ́ tí neutral, wáyà tí iná ń gbà padà, bá já lórí òpó. Tí neutral bá já, ilé tó wà lórí fésì kan àti èyí tó wà lórí fésì kejì á wá so pọ̀ mọ́ra lórí 415V: ilé tó ń lo iná púpọ̀ á gba 100V, èyí tí kò tan nǹkan púpọ̀ á gba 300V àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ínfátà tó lè gba 280V á jóná níbẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó ń pa ínfátà láàárín ìlú, èyí la kà sí baba wọn.

Èkejì ni SPD, ohun tó ń gba ìyà mànàmáná. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì: oní AC 275V lẹ́nu iná ọba, àti oní DC lẹ́nu wáyà pánẹ́ẹ̀lì. Ẹ má jẹ́ kí òǹtàjà sọ fún yín pé SPD nìkan ti tó. Ìpá ńlá tó wá tó sì lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kékeré ló ń gbà. 300V tó jókòó fún wákàtí kan yóò jó òun fúnra rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni earth, wáyà àti ọ̀pá tó so ilé mọ́ ilẹ̀; láìsí rẹ̀, SPD yẹn kò ní ibi tí yóò da ìyà náà sí. Ọ̀pá kọ́pà 1.2m, wáyà 10mm² ó kéré tán, kí ó sì dé ibi tí ilẹ̀ ti tutù. Lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, ilẹ̀ máa ń gbẹ yí ọ̀pá ká, agbára rẹ̀ á sì dín kù. Ọ̀pá méjì tó jìnnà síra díẹ̀ sàn ju ẹyọ kan tó gùn lọ níbi tí òkúta bá wà nísàlẹ̀.

A ó fi súìṣì yíyí 63A kún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọ̀ranyàn, kí ẹ lè fo ínfátà kọjá bí ó bá bàjẹ́.

Bátìrì náà

Sẹ́ẹ̀lì 16 oní 3.2V ló wà nínú rẹ̀, àpapọ̀ rẹ̀ 5.12kWh. Bí ẹ bá lo ìdá 90 nínú 100, 4.6kWh ló kù fún yín. Ohun tí òǹtàjà kì í sọ ni pé ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ bíi 55W láìgbé nǹkan kan. Láti aago méje alẹ́ sí aago méje òwúrọ̀, ìyẹn ti jẹ́ 0.66kWh. Ẹ fi fíríìjì kún un, bíi 60W tí a bá pín in kárí, fáànù méjì 70W fún wákàtí mẹ́wàá, gílóòbù mẹ́fà 9W fún wákàtí márùn-ún, tẹlifíṣọ̀n 90W fún wákàtí mẹ́rin, àti ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì 25W láti alẹ́ dé òwúrọ̀. Gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú ohun tí ínfátà fi ṣòfò lójú ọ̀nà, súnmọ́ 4kWh. Ó tó, ó ṣẹ́kù díẹ̀. Fáànù kẹta lè wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ lè má mọ́ bá a. Éyà-kọńdíṣọ̀n 1hp kò wọ̀ ọ́ lálẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín.

Súmò ló ń fa ìjà jù. Bátìrì yìí ní ẹ̀ṣọ́ inú tó ń já a bí wọ́n bá fà ju 100A lọ, ìyẹn nǹkan bíi 5kW. Súmò 1.5hp tó ń jẹ 1.1kW lè fa ìlọ́po márùn-ún ìyẹn nígbà tó bá gbéra, ilé á sì kú lójijì. Súmò 1hp tí wọ́n bá tan lọ́sàn-án nígbà tí oòrùn ń gbé ìlàjì ẹrù kì í dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ tún wo ara ínfátà náà dáadáa: 5kVA kan lè jẹ́ 5kW, òmíràn 4kW. W ni kí ẹ fi ra ẹ̀rọ.

Àwọn kan ṣì ń sọ pé kí a ra bátìrì olómi tí wọ́n ń pè ní tubular, mẹ́rin oní 220Ah, torí lórí ìwé ó jẹ́ 10.5kWh. Ìdajì rẹ̀ nìkan ló yẹ kí ẹ lò bí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́, nítorí náà kò fi bẹ́ẹ̀ ju lithium kan lọ. Ó nílò omi dísítíìlì, ó nílò yàrá tí afẹ́fẹ́ ń gbà, torí gáàsì tó ń tú jáde lè gbiná. Ohun tó burú jù nínú rẹ̀ fún wa ni pé kì í yára gba iná. Iná ọba tó wá fún wákàtí mẹ́ta tó sì lọ kò lè kún un. Bó bá sì ń wà ní ìlàjì fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, funfun á bẹ̀rẹ̀ sí í hù lórí irin inú rẹ̀, agbára rẹ̀ á sì máa dín kù. Lithium kò kọ ìlàjì. Torí bí iná ọba ṣe rí níbí la fi mú lithium, kì í ṣe torí pé ó jẹ́ tuntun.

Wáyà tó so bátìrì mọ́ ínfátà: 5,000W lórí 48V jẹ́ 104A, nítorí náà 25mm² ni ìbẹ̀rẹ̀, 35mm² ló dára, kó má gùn ju mítà méjì lọ, kí bíréékà DC 125A sì wà láàárín. Ẹ fi ọ̀bẹ ha wáyà náà. Bí abẹ́ rẹ̀ bá funfun, alumíníọ́ọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà bò ni, ẹ dá a padà. Lẹ́yìn wákàtí kan tí ẹrù 2kW ti wà lórí rẹ̀, ẹ fọwọ́ kan ara wáyà níbi tó ti wọ bátìrì, lórí rọ́bà rẹ̀. Bó bá gbóná débi tí ẹ ò lè gbọ́wọ́ lé e, wọn ò tẹ ẹnu rẹ̀ dáadáa.

Ti pánẹ́ẹ̀lì kò gùn: mẹ́fà tẹ̀ léra wọn jẹ́ bíi 300V, ó bá àyè ẹ̀rọ náà mu. Kọjú wọn sí gúúsù, kí wọ́n dà díẹ̀, ìwọ̀n 10 sí 15, kí òjò lè fọ̀ wọ́n. Lọ́jọ́ oòrùn, wọ́n lè kó bíi 11kWh jọ. Láti oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, ó lè lọ sí ìdajì.

Ṣé kí a wá fi gíríìdì sílẹ̀?

Àríyànjiyàn yìí ti gbilẹ̀ láti ìgbà tí owó iná Band A (àwọn oníbàárà tí wọ́n ń fún níná jù lọ) ti fò láti bíi ₦68 sí ₦225 fún kWh kan ní oṣù Kẹrin ọdún 2024. Àwọn kan ní kí ẹni tó bá lágbára já wáyà rẹ̀ kúrò. Àwọn kan ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lo àǹfààní òfin iná ọdún 2023, kó ní gíríìdì kékeré tirẹ̀, kí àdánù Kainji má máa di òkùnkùn Òṣogbo. Àwọn kẹta ní kí wọ́n parí iṣẹ́ tí ìjọba àti Siemens tọwọ́ bọ̀wé fún ní ọdún 2019, èyí tí wọ́n ní yóò gbé iná dé 7,000MW, kó di 11,000MW, kó tó di 25,000MW.

Lójú tiwa, ẹgbẹ́ kejì àti ìkẹta kò ta kora wọn, ti àkọ́kọ́ ni a kò fara mọ́. Bátìrì 5kWh lè tan ilé. Kò lè lọ àgbàdo fún odidi ọjà, kò lè jó irin fún wẹ́dà, kò lè fa omi fún ìlú, bẹ́ẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Steel Rolling tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ sí Òṣogbo kò lè fi pánẹ́ẹ̀lì orí òrùlé rọ irin. Bí àwọn tó lówó bá sì ń já kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, owó àtúnṣe wáyà àti tránsífọ́mà á kù sọ́rùn àwọn tí kò ní. Gíríìdì kékeré dára bó bá lè ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ nígbà tí ti ńlá bá ṣubú, kó sì tún so pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó lè sọ ẹ̀gbẹ́ kan gíríìdì di ẹni tó lè dá dúró nìyẹn, a sì fẹ́ kí àwọn tó ń kọ òfin ìpínlẹ̀ gbọ́ ọ.

Kí ẹ tó sanwó

Bátìrì lithium tí wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì àlòkù kún pọ̀ lọ́jà, páálí rẹ̀ a sì máa mọ́ tónítóní. Ẹ ní kí òǹtàjà ṣí ojú ìwòye bátìrì náà lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà: iye ìgbà tí wọ́n ti lò ó yẹ kó jẹ́ òdo tàbí ohun tó súnmọ́ ọn, ìyàtọ̀ láàárín sẹ́ẹ̀lì tó ga jù àti èyí tó kéré jù kò sì gbọ́dọ̀ ju 0.03V lọ nígbà tí bátìrì ń sinmi. Ẹ ya àwòrán nọ́ńbà ara rẹ̀ sórí rìsíìtì, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé SPD àti earth wà lára ohun tí wọ́n ṣe, torí àìsí wọn ni àwíjàre tí wọ́n fi ń kọ wáràńtì.

Nígbà tó bá dé ilé, ẹ kún un tán, ẹ já iná ọba àti pánẹ́ẹ̀lì kúrò, ẹ fi ohun tó ń jẹ 1,000W tí kò dáwọ́ dúró sórí rẹ̀, bíi sítóòfù iná. Áyọ́ọ̀nù kò dára fún èyí, torí ó ń tan ó ń kú. Ẹ máa kọ fólẹ́ẹ̀jì rẹ̀ sílẹ̀ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bátìrì tó pé gbọ́dọ̀ kọjá wákàtí mẹ́rin. Èyí tó bá kú ní wákàtí mẹ́ta, ẹ kó o padà fún òǹtàjà lọ́jọ́ kejì, kí ìwé tí ẹ kọ náà tẹ̀ lé e.